Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Kòkòrò Ni Wọ́n Ń Lọ̀ Sínú Abẹ́rẹ́?

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín wa. Wọ́n ní kòkòrò ni àwọn òyìnbó ń lọ̀ sínú abẹ́rẹ́ àjẹsára. A gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, a gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù láti ilé, a sì mọ ìdílé méjì tó jẹ́ pé tìtorí ẹ̀ ni wọn ò fi jẹ́ kí ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ wọn gba abẹ́rẹ́ kankan. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tiwa, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kọ́ wa pé tí ọ̀rọ̀ bá ti ń díjú, ìwé ló yẹ kéèyàn lọ wò, kì í ṣe ẹnu àwọn èèyàn. A lọ wo ìwé. Ohun tá a rí níbẹ̀ dùn ju àhesọ náà lọ, torí pé orísun ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jìnnà sí wa rárá. College Station níbí ni, nǹkan bí máìlì 95 sí Houston, tí ẹ bá gba ojú ọ̀nà 290 tẹ́ ẹ wá yà sí 6. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju Èkó sí Ìbàdàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ná. Rárá o, kò sẹ́ni tó ń lọ kòkòrò sínú abẹ́rẹ́. Àmọ́ òótọ́ díẹ̀ wà nínú àhesọ náà: àwọn abẹ́rẹ́ kan wà, kì í ṣe gbogbo wọn, tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ni wọ́n ti ń ṣe èròjà wọn. Sẹ́ẹ̀lì ni ohun kíkíní, tí ojú lásán ò lè rí, tí ara gbogbo ohun alààyè fi di odidi, bí bíríkì ṣe ń di ilé. Kòkòrò tí wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn yín nílé mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

KÒKÒRÒ TÓ NÍ Y LÓRÍ

Tí ẹ bá ní koríko níwájú ilé, yálà ní Katy ni o tàbí ní Alief, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti bá a pàdé. Koríko á tutù yọ̀yọ̀ lónìí. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ó bá a tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé iná jó o. Fall armyworm ni wọ́n ń pè é níbí, nítorí pé ó máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́ bí ọmọ ogun. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ni Spodoptera frugiperda. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí i, ẹ wo iwájú orí rẹ̀ dáadáa. Ìlà funfun kan wà níbẹ̀ tó dà bíi lẹ́tà Y tó dorí kodò. Ẹ wo apá ìdí rẹ̀, ẹ ó rí àmì dúdú mẹ́rin tó tò bí igun àpótí. (Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé Yorùbá ni Y yẹn dúró fún o!) Tó bá jẹun yó tán, á wọ inú ilẹ̀ lọ, á sé ara rẹ̀ mọ́ inú àkọ̀ kan, nígbà tó bá sì fi máa jáde, ó ti di àfòpiná.

Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Òtútù máa ń pa á lápá òkè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n gúúsù Texas àti gúúsù Florida máa ń gbà á sílẹ̀ títí ooru á fi dé, á tún gbéra. Kò sí ní ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní 2016 ni wọ́n rí i nínú oko àgbàdo IITA ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nẹ́. Georg Goergen, onímọ̀ kòkòrò tó ń bá IITA ṣiṣẹ́ ní Benin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn náà jáde lọ́dún yẹn kan náà: ó ti wà ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Togo, àti ní erékùṣù São Tomé. Nígbà tó máa fi di 2018, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 ní Áfíríkà. Inú ọkàn àgbàdo, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ló máa ń há sí, tí oògùn ò fi í tètè kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ìpè yẹn: "Àgbàdo ò ṣe dáadáa lọ́dún yìí o, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́." Ohun tó ń jẹ koríko wa níbí ló jẹ àgbàdo wọn lọ́hùn-ún.

Irú kòkòrò yìí, báwo ló ṣe wá di ohun tí oníṣègùn ń wá? Tiwa ò yẹ kó yà wá lẹ́nu jù. Sányán tá à ń lé lórí níbi ìgbéyàwó, òwú tí kòkòrò Anaphe fi kọ́lé fún ara rẹ̀ nínú igbó ni àwọn ìyá wa ń ran. Kòkòrò ti ń ṣe nǹkan iyì fún Yorùbá ó ti pẹ́.

ÌRAN SẸ́Ẹ̀LÌ TÍ KÌ Í PARẸ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi gbìyànjú láti mú kí sẹ́ẹ̀lì kòkòrò máa gbé nínú ìgò láìsí kòkòrò fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ṣe ni Thomas Grace, ní Canberra, Australia, ní 1962, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì àfòpiná kan tó ń jẹ ewé igi eucalyptus. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á mú kòkòrò tó ṣì wà nínú àkọ̀, wọ́n á yọ ilé ẹyin rẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sì kó o sínú omi tí wọ́n ti po iyọ̀, ṣúgà àti oríṣiríṣi èròjà pọ̀ sí, kó lè dà bí ẹ̀jẹ̀ kòkòrò. Grace tiẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ kòkòrò gan-an kún tirẹ̀. Wọ́n á wá dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì náà á kú. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, oṣù á gorí oṣù. Tí orí bá ṣe é, ìwọ̀nba díẹ̀ á mú ara wọn bá ibi tuntun náà mu, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì-méjì. Àwa tá a ti ilé ṣí wá síbí, ó yẹ kí èyí tètè yé wa.

Sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1961, Leonard Hayflick fi hàn ní Philadelphia pé tó bá ti pín bí ìgbà 40 sí 60, á dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìran sẹ́ẹ̀lì kòkòrò tó bá ti fìdí múlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ àti àyè bá wà, kì í dúró.

Ní 1977, J. L. Vaughn àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ìjọba tó ń rí sí àrùn kòkòrò ní Beltsville, Maryland, kéde pé àwọn ti rí irú ìran bẹ́ẹ̀ lára kòkòrò onílẹ́tà Y wa yìí. Ilé ẹyin rẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ìtọ́jú rẹ̀ ò ṣòro. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn ń fẹ́ ìgbóná 37°C, ó tún ń fẹ́ kí wọ́n máa fẹ́ gáàsì sí i. Èyí ò fẹ́ gáàsì, 27°C sì ti tó o, bí inú yàrá ní Ìbàdàn lásìkò òjò. Nǹkan bí ọjọ́ kan ló fi ń di ìlọ́po méjì.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ mú ẹ̀rọ ìṣirò yín wá. Bí bàbá yín bá fún yín ní sẹ́ǹtì kan lónìí, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ owó yín á ti di $10,737,418.24. Ẹ ṣe é fúnra yín kẹ́ ẹ rí i. Bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń di ju bílíọ̀nù kan lọ nìyẹn. Lórí ìwé ni o! Nínú ìgò, oúnjẹ á tán kó tó dé bẹ̀, àfi tí wọ́n bá ń gbé e lọ sínú ìgò tó tóbi jù ú lọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ COLLEGE STATION

Max Summers jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ kòkòrò ní Texas A&M. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń rò: fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ baculovirus ló ń kọ́ nípa rẹ̀, èyí tó máa ń pa kòkòrò oko ṣùgbọ́n tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ọ̀nà tó ń gbà pa wọ́n burú díẹ̀. Á mú kí kòkòrò gun òkè ewé lọ, kó kú síbẹ̀, kí ara rẹ̀ yọ́ di omi, kó máa kán sórí ewé tí àwọn yòókù ń jẹ. Kí oòrùn àti òjò má baà ba fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́ níta, ó máa ń fi purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní polyhedrin mọ ilé líle yí ara rẹ̀ ká. Polyhedrin yìí pọ̀ gan-an: bí iṣẹ́ bá ti ń parí lọ nínú sẹ́ẹ̀lì, òun nìkan lè tó ìdajì gbogbo purotéènì ibẹ̀.

Summers àti Gale Smith tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá rò ó pé, nínú ìgò láàbù, oòrùn wo ló wà níbẹ̀? Òjò wo? Fáírọ́ọ̀sì ò nílò ilé líle yẹn mọ́. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí ara ń wò kó tó ṣe purotéènì, bí télọ̀ ṣe ń wo ìwọ̀n. Tí wọ́n bá yọ jíìnì polyhedrin kúrò, tí wọ́n sì fi jíìnì ohun mìíràn sípò rẹ̀, ohun mìíràn yẹn ni sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe jáde ní yanturu. Wọ́n dán an wò. Ní oṣù Kejìlá 1983, àwọn méjèèjì àti Malcolm Fraser gbé e jáde nínú ìwé pé sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ti bá wọn ṣe interferon, purotéènì tí ara èèyàn fi ń bá àrùn jà. Smith àti C. L. Cherry tún mú sẹ́ẹ̀lì Beltsville, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìran tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ ìkẹsàn-án ló gbajúmọ̀ jù. Òun ni wọ́n ń pè ní Sf9 títí dòní: Sf láti inú orúkọ kòkòrò náà, 9 torí ipò rẹ̀.

Ohun tó wù wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ìwé kékeré kan. Ní 1987, Summers àti Smith kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ náà sílẹ̀, láti orí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì dé orí bí wọ́n ṣe ń yí fáírọ́ọ̀sì padà. Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Texas ló tẹ̀ ẹ́, Bulletin No. 1555, irú ìwé tí wọ́n máa ń tẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ nípa òwú àti màlúù. Ìwé àgbẹ̀ yẹn ló di ohun tí láàbù ìṣègùn káàkiri ayé ń ṣí wò.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ló dé tí wọn ò lo bakitéríà? Wọ́n ń lò ó. Inú bakitéríà ni ínsúlínì tí àwọn àgbà wa tó ní àtọ̀gbẹ ń lò ti ń wá, FDA fọwọ́ sí i ní 1982. Ṣùgbọ́n purotéènì dà bí gèlè. Aṣọ kan náà ni, bí wọ́n bá ṣe wé e ló máa sọ bóyá ó gún tàbí kò gún. Bakitéríà lè wé èyí tó kéré, tí kò díjú. Tó bá ti di èyí tó tóbi, tó ní ìṣẹ́po púpọ̀, tó sì tún ń fẹ́ kí wọ́n lẹ ṣúgà mọ́ òun lára, ọwọ́ bakitéríà ò ká a mọ́. Sẹ́ẹ̀lì kòkòrò mọ gèlè wé.

ÈWO LÓ TI INÚ KÒKÒRÒ WÁ, ÈWO NI KÒ TI IBẸ̀ WÁ?

Ọdún 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ gba ilé iṣẹ́ kan láyè ní Amẹ́ríkà láti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára AIDS wò lára èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ni wọ́n fi ṣe é. Kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Cervarix dé, fún àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Europe gbà á ní 2007, Amẹ́ríkà ní 2009. Kòkòrò mìíràn, èyí tó ń jẹ kábéèjì, ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, ìran tí Robert Granados mú jáde ní Ithaca, New York. Kí ẹnikẹ́ni má fi wé èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ní oṣù Kẹwàá 2023 o: Gardasil nìyẹn, inú ìwúkàrà ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ ìyá èyí tó ń mú búrẹ́dì wú.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2013, FDA fọwọ́ sí Flublok, abẹ́rẹ́ fúlúù. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ fúlúù, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń tọ́ fáírọ́ọ̀sì rẹ̀. Flublok ò mọ ẹyin rí, torí náà ẹni tí ẹyin ń bá ara rẹ̀ jà lè béèrè fún un lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ẹ ka ọdún rẹ̀ wò: láti 1983 sí 2013, ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ náà jáde ti lè ní ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tí Kòrónà dé, Gale Smith ti wà ní ilé iṣẹ́ Novavax, Sf9 ni wọ́n sì tún gbé kalẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé gbà á ní oṣù Kejìlá 2021, FDA gbà á fún ìlò pàjáwìrì ní oṣù Keje 2022, wọ́n sì fún un ní àṣẹ tó pé ní oṣù Karùn-ún 2025, fún àwọn tó ti pé 65 àti àwọn tó kéré sí i, láti 12 sókè, tí wọ́n ní àìlera tó lè mú kí Kòrónà le fún wọn. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn kí ara lè tètè jí sí i, èèpo igi kan láti Chile ni wọ́n ti yọ ọ́. Kòkòrò àti èèpo igi! Tí bàbá oníṣègùn kan bá sọ ọ́ fún wa lọ́jà Ọjẹ́, ẹ̀rín la máa rín.

Ti Pfizer àti ti Moderna ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú kòkòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Corbevax tí Peter Hotez àti Maria Elena Bottazzi bẹ̀rẹ̀ ní Texas Children's níbí ní Houston, tí India gbà ní oṣù Kejìlá 2021. Ìwúkàrà ni wọ́n lò. Ẹni tó tìtorí kòkòrò kọ gbogbo abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ tí kò mọ kòkòrò rí ló kọ̀ yẹn.

Ṣé nǹkan kan ti ara kòkòrò máa ń kù nínú àwọn tó lò ó? A ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ń fọ purotéènì náà, wọ́n ń sẹ́ ẹ léraléra, síbẹ̀ ìwé tó máa ń bá Flublok wá sọ ọ́ kedere pé bíńtín lè ṣẹ́kù, ó sì kọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìwé yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ kà á, dípò WhatsApp.

Ìṣòro náà ti wà. Ní 2014, àwọn onímọ̀ FDA fúnra wọn rí i pé fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ti ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ nínú Sf9. Ṣé ẹ rí i, wọn ò bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ọ́díìtì gidi là ń pe ìyẹn, a sì máa ń fọkàn tán ilé iṣẹ́ tó bá lè ṣe é. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ ìran sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kò ní fáírọ́ọ̀sì yẹn. Donald Jarvis, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Texas A&M kó tó kọjá lọ sí Wyoming, wà lára àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ló tún ń bá sẹ́ẹ̀lì náà fi jíìnì kún jíìnì, torí pé ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kúrú ju ti èèyàn lọ. Wọ́n fẹ́ kó gùn bíi tiwa.

IYE OWÓ RẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ ò ní retí kí oníṣirò parí ọ̀rọ̀ láìdárúkọ owó. Ní oṣù Kọkànlá 2022, FDA fọwọ́ sí Hemgenix, oògùn fún irú àrùn kan tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í dá. Inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò yìí náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni aláìsàn ń gbà á. Iye tí wọ́n fi lé e lórí ni $3.5 mílíọ̀nù. A ka òǹkà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá wa lójú. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Ó wà nínú báńkì (báńkì ni wọ́n ń pè é lóòótọ́) tí wọ́n fi gáàsì olómi mú kó tutù dé −196°C, nọ́ńbà àkáǹtì Sf9 ní ATCC sì ni CRL-1711. Owó wà lára àyẹ̀wò, ìdánwò, àṣẹ, àti èrè. Àgbẹ̀ tí kòkòrò yìí jẹ oko rẹ̀ ní Ìkẹ́nẹ́ ò lè san án, àwa tá a ní ìnṣọ́ránsì níbí gan-an ò lè dá a san.

Àmọ́ ohun kan wà tó lè dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yẹn. Fáírọ́ọ̀sì tó ń pa kòkòrò, irú èyí tí Summers ń kọ́ nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń ṣe é ní oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí oko ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, kì í sì í pa oyin tàbí èèyàn. Ẹni tó bá ní oko nílé, kó ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba bóyá ó ti dé ìpínlẹ̀ wọn. Títí tó fi máa dé, kí wọ́n máa wọ oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù, kí wọ́n yẹ ewé wò lókè àti lábẹ́. Ẹyin rẹ̀ máa ń ṣù jọ bí ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí irun eérú sì máa ń bò ó. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi rún un, kó tó pa.